Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ: Briar, Bitchat, Bridgefy àti Meshtastic, èwo ni kí ẹ mú?

Ní ọjà, bí ìyá aláta bá ń wá ìyá ẹlẹ́ja tó wà ní ìsọ̀ kejìlá sí tirẹ̀, kì í dìde. Yóò sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Ẹ bá mi ké sí Ìyá Ẹlẹ́ja." Onítọ̀hún á sọ fún ẹni tó kàn án, ìyẹn náà á sọ fún ẹni tó kàn án, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ibi tó ń lọ. Kò sí ẹni tó ra káàdì. Ṣùgbọ́n bí ìsọ̀ mẹ́ta bá ṣófo láàrin lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á kú sí. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé e bá sì jẹ́ ẹlẹ́nu, gbogbo ọjà á gbọ́.

Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn áàpù tí mo fẹ́ fi wéra ń lò. Fóònù yín á bá fóònù tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan kọjá. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní kí n bá òun yan ọ̀kan, n ó kọ́kọ́ bi í léèrè nípa ẹni àárín: ta ló wà láàrin ìwọ àti ẹni tí o fẹ́ ránṣẹ́ sí, ṣé áàpù náà wà lórí fóònù onítọ̀hún, ṣé o sì fọkàn tán an?

Kí ló lọ gan-an?

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ń pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, dátà nìkan ló lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 wà lára wọn, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ bí ìgbín káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìpè láti Ìbàdàn sí Òṣogbo kò nílò okùn abẹ́ òkun. Ẹ pe onítọ̀hún, tàbí kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa, láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021 sí ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n tì. VPN (áàpù tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé yín dé ìkànnì tí wọ́n tì) tó fún ìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2019: ọjọ́ ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni, wọ́n sì gé íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Tógò ti ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2017 nígbà ìwọ́de (ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá wọn lẹ́bi ní oṣù Kẹfà 2020). VPN kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun náà ń gùn. Èyí tó le jù ni ti Zamfara ní oṣù Kẹsàn-án 2021, nígbà tí àṣẹ jáde pé kí wọ́n pa àwọn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì nítorí àwọn ajínigbé. Ìpè pàápàá kò lọ.

Ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Zamfara ni àwọn áàpù wọ̀nyí wà fún. Ẹ fi ibi tí èrò ti pọ̀ jù kún un: àpéjọ ńlá ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọjọ́ ìparí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Òpó wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fóònù tó ń dù ú ti pọ̀ ju ohun tó lè gbé lọ. Àti oko, níbi tí òpó kò tilẹ̀ dé rí.

Wọn rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Briar | Bitchat | Bridgefy | Meshtastic |
|---|---|---|---|---|
| Fóònù tó gbà á | Android nìkan | Android àti iPhone | Android àti iPhone | Méjèèjì, pẹ̀lú rédíò kékeré tí ẹ ó rà |
| Ohun tó ń gbé iṣẹ́ | Bluetooth àti Wi-Fi. Tor (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà | Bluetooth | Bluetooth | Rédíò LoRa, irú tí ìgbì rẹ̀ ń jìnnà |
| Ṣé ẹni àárín lè bá yín gbé e? | Iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀, rárá. Ọ̀rọ̀ àpérò àti ti ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni, títí dé ọwọ́ 7 | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ 3. Ẹ lè sún un dé 7 |
| Láti bẹ̀rẹ̀ | Orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà | Orúkọ tó bá wù yín | Íntánẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́ | Kí ẹ so rédíò mọ́ fóònù |
| Owó | Ọ̀fẹ́ | Ọ̀fẹ́ | Ọ̀fẹ́ | Bíi dọ́là 20 sí 40 fún rédíò kan |

Mi ò kọ bí wọ́n ṣe ń jìnnà tó síbẹ̀, ó sì nídìí. Wọ́n á ní Bluetooth lè dé mítà 100. Òótọ́ ni, ní pápá gbalasa, níbi tí ẹ ti ń rí ara yín. Ìgbì 2.4 GHz ló ń lò, omi sì máa ń gbé ìgbì yẹn mì. Omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹran ara ènìyàn. Èrò tó há mọ́ra ń fún iṣẹ́ yín ní ẹni àárín púpọ̀, ara wọn náà ló sì tún ń dí i lọ́nà. Ògiri búlọ́ọ̀kù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé tiwa, iṣẹ́ tó bá ti yàrá iwájú jáde kì í kọjá kíṣìnì àfi bí ẹnìkan bá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. Mítà 10 sí 30 ni kí ẹ fi sọ́kàn nínú ilé àti nínú ìlú.

Briar

Òun ló pẹ́ jù lórí fóònù mi, òun náà ni n ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù níbí. Ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2018. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, Cure53, ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò ààbò kan ní Jámánì, sì ti tú u palẹ̀ wò ní 2017 kí ẹ̀dà yẹn tó jáde.

Kò béèrè nọ́ńbà fóònù. Ẹ ó yan orúkọ, ẹ ó yan ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà náà, nítorí kò sí ẹni tí ẹ ó bẹ̀ pé kó fún yín ní òmíràn. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ni, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí, kí ẹ tó lè fi ẹnìkan kún un, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé, kí fóònù yín wo àmì QR ara wọn. Àwọn kan ń kùn sí èyí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí mo ti wo ojú rẹ̀ kí n tó wo àmì rẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi orúkọ rẹ̀ tàn mí bó bá di ọ̀la.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lóye nìyí: iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ lórí Briar kì í gba ọwọ́ ẹni àárín. Fóònù yín àti ti onítọ̀hún ló gbọ́dọ̀ súnmọ́ra, tàbí kí ẹ jọ wà lórí Wi-Fi kan náà. Wi-Fi ọ̀hún kò sì ní láti ní dátà nínú. Ráútà tí wọn kò san owó rẹ̀ mọ́, tàbí hotspot tí ẹnìkan tàn lórí fóònù rẹ̀, ó tó. Fún ilé ìwé kan, ọ́fíìsì kan tàbí ilé alájà mẹ́ta kan, èyí dára ju Bluetooth lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ àpérò àti ti ẹgbẹ́ ló ń rin ìrìn àtọwọ́dọ́wọ́. Ká ní Bọ́lá gba ọ̀rọ̀ àpérò kan ní ilé ìjọsìn láàárọ̀. Ó kọjá sí ọjà lọ́sàn-án. Ṣadé wà níbẹ̀, òun náà wà nínú àpérò yẹn, òun àti Bọ́lá sì ti mọ ara wọn lórí Briar. Fóònù Ṣadé á gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ fóònù Bọ́lá láìjẹ́ pé ọ̀kankan nínú wọn tẹ nǹkan kan. Ó lè gbà wákàtí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó dé. Ní àdúgbò tí wọ́n bá pa òpó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń gbé iṣẹ́ jìnnà jù.

Ó tún ní ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀. Ẹ lè kó iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán sínú mẹ́mórì káàdì tàbí fláàṣì, kí awakọ̀ bá yín gbé e lọ sí Ṣakí. Briar ti tì í pa, awakọ̀ kò lè rí i kà. Àwọn tó ń so owó ẹyọ pọ̀ láti fi pa àrokò láyé àtijọ́ ì bá má kà á sí nǹkan tuntun: ìránṣẹ́ gbé e dé, ẹni tí a rán an sí nìkan ló lè tú u.

Àléébù rẹ̀? Kò sí ti iPhone, nítorí iPhone kì í jẹ́ kí áàpù máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ bí Briar ṣe nílò rẹ̀. Bí ìyàwó yín bá ń lo iPhone, ẹ má wulẹ̀ dà á rò mọ́. Ó ń jẹ bátìrì. Kò sí fọ́ìsì nóòtì, ìyẹn nìkan sì tó kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin má fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Bitchat

Jack Dorsey, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Twitter sílẹ̀, ló gbé e jáde ní oṣù Keje 2025. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba Nepal ti ọ̀pọ̀ ìkànnì pa, àwọn ọ̀dọ́ jáde sí ìgboro, ọ̀pọ̀ wọn sì sáré gbé Bitchat sórí fóònù. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ ṣí i, ẹ fún ara yín lórúkọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò sí QR, kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà, iPhone àti Android jọ ń gbọ́ ara wọn, iṣẹ́ kan sì lè gba ọwọ́ méje kọjá kó tó dúró. Bí ẹ bá fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kíákíá, ẹ tẹ àmì orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú un rọrùn náà ló mú un léwu. Ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní Túndé. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ tó jáde, Alex Radocea, tó jẹ́ olùṣèwádìí nípa ààbò, fi hàn pé ènìyàn lè fi ara rẹ̀ pe ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Dorsey fúnra rẹ̀ wá fi ìkìlọ̀ sí ojú ewé kóòdù náà pé kò tíì sí ará ìta tó yẹ ààbò rẹ̀ wò. Wọ́n ti ń tún un ṣe láti ìgbà náà, àtúnṣe sì ń dé lemọ́lemọ́. Síbẹ̀, ìdúró mi ni pé ẹ lè fi béèrè ibi tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ yín gúnlẹ̀ sí, tàbí kí ẹ fi wá ọmọ tó sọnù láàrin èrò. Ohun tí ẹ kò bá lè kígbe rẹ̀ ní gbangba, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.

Bridgefy

Ti Bridgefy ni ìtàn tó yẹ kí gbogbo wa fi sọ́kàn. Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe é. Ní 2019, àwọn tó ń wọ́de ní Hong Kong rọ́ gìrì tọ̀ ọ́ lọ. Ní oṣù Kejì 2021, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní Myanmar, ó lé ní mílíọ̀nù kan ìgbà tí wọ́n gbé e sórí fóònù. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ 2020, àwọn olùṣèwádìí ní yunifásítì Royal Holloway ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbé ìwádìí jáde pé àwọn rí iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ orí rẹ̀ kà, àwọn lè mọ ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀, àwọn lè fi ara wọn pe ẹlòmíràn, àti pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi ọgbọ́n dì lè mú kí gbogbo fóònù tó wà lórí rẹ̀ dákẹ́.

Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́, wọ́n mú ọ̀nà tí áàpù Signal fi ń ti ọ̀rọ̀ pa wọlé ní ìparí ọdún yẹn. Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Kò tán: ní 2022 àwọn olùṣèwádìí tún padà wá, wọ́n sì fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ tó dára lára ilẹ̀kùn tí wọn kò kàn dáadáa kò tíì di ilé.

Ṣé kí ẹ jù ú nù ni? Fún ìkéde gbogboogbò, ó ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti WhatsApp tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà kò ní bèèrè ìbéèrè. Àmọ́ ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí wọ́n gé e kó tó gbé e sórí fóònù ti pẹ́ jù. Nítorí pé Bitchat ti wà báyìí, mi ò rí ìdí tí n ó fi kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá rántí FireChat, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Hong Kong ní 2014, kó mọ̀ pé kò sí mọ́. Áàpù tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, tí kóòdù rẹ̀ kò sí ní gbangba, bí owó ilé-iṣẹ́ náà bá tán, òun náà tán.

Meshtastic

Èyí yàtọ̀ pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ẹ ó ra rédíò kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú bíi Heltec tàbí T-Beam, ẹ ó fi Bluetooth so ó mọ́ fóònù yín, rédíò náà ni yóò sì máa bá rédíò ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìgbì rẹ̀ lọra, agbára tó ń lò kéré, ó sì ń jìnnà. Nínú ìlú, ẹ fọkàn sí kìlómítà kan tàbí méjì. Ní ibi gíga tí kò sí ìdènà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: wọ́n ti fi í ránṣẹ́ kọjá kìlómítà 200 láti orí òkè sí orí òkè. Ẹni tó gbé tirẹ̀ sí orí òkè Ìdànrè àti ẹni tó gbé tirẹ̀ sí abẹ́ páànù kì í ṣe ẹgbẹ́.

Fún àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn jìnnà síra wọn ní Òkè-Ògùn, òun nìkan ni mo lè tọ́ka sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ gbé rédíò kan sí orí ilé tàbí orí igi tó ga jù, ẹ so sólà kékeré mọ́ ọn. Ẹni àárín tí kì í lọ sílé nìyẹn, tí kì í gbàgbé láti ṣáàjì fóònù.

Ẹ ṣọ́ ohun mẹ́ta. Ìgbì tí wọ́n fi ń tà á yàtọ̀ síra, 433, 868 tàbí 915 MHz. Gbogbo yín gbọ́dọ̀ ra irú kan náà, èyí tí òfin ìlú yín sì gbà láàyè. Èkejì, kọ́kọ́rọ́ tó máa ń bá a wá láti ilé-iṣẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pàrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìkẹta kan àwa tí a ń kọ Yorùbá. Iṣẹ́ kan lórí rẹ̀ kò lè ju nǹkan bíi báìtì 200 lọ. Lẹ́tà "a" lásán gba báìtì 1. "À" gba 2. "Ọ" gba 3, bí ẹ bá sì fi àmì lé e lórí, ó di 5. "Oro" gba báìtì 3, "ọ̀rọ̀" gba 11. Ẹni tó bá kọ Yorùbá rẹ̀ dáadáa, ààyè rẹ̀ á tètè tán ju ti ẹni tó ń kọ ọ́ ní kóbokòbo lọ. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ mi jà nítorí àmì ohùn, orí rédíò yìí nìkan ni mo ti dárí jì wọ́n.

Quick Share, AirDrop àti Xender ńkọ́?

Fáìlì ni iṣẹ́ tiwọn: fọ́tò, fídíò, orin. Láti ọwọ́ yín sí ọwọ́ ẹni tó wà níwájú yín, ó tán. Kò sí ẹni àárín. Mo dárúkọ wọn nítorí iṣẹ́ kan tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ: ẹ lè fi Quick Share tàbí Xender gbé áàpù Android fúnra rẹ̀ fún ẹni tí kò ní i, lọ́jọ́ tí Play Store kò ṣí. Briar tilẹ̀ lè pín ara rẹ̀ láti inú hotspot tirẹ̀.

Bí èmi bá ni

Ìdílé tó wà nínú ilé kan tàbí àdúgbò kan, tí gbogbo wọn ń lo Android: Briar, kí ẹ sì fi QR ara yín kún un lọ́sẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ tó ń lọ sí ibi èrò, tí fóònù wọn jẹ́ àdàlù: Bitchat, kí gbogbo yín gbé e sórí fóònù nílé. Akọ̀ròyìn, tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè kó ẹlòmíràn sí wàhálà: Briar, kò sí èkejì. Oko: Meshtastic. Àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tí wọ́n fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé íntánẹ́ẹ̀tì níbí, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè ràn yín lọ́wọ́ bí òpó ìpè náà bá ti kú.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ wọ ibi ètò bátìrì lórí Android, kí ẹ sọ fún fóònù pé kó má fọwọ́ kan áàpù yẹn. Àwọn fóònù kan tó wọ́pọ̀ láàrin wa máa ń pa ohunkóhun tí wọn kò bá rí lójú ìwòran, iṣẹ́ á wá di òkú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ fi fóònù méjèèjì sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ wá tan Bluetooth nìkan padà. Ẹnìkan dúró sí kíṣìnì, ẹnìkan máa rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì, kó máa ránṣẹ́ bó ṣe ń lọ: "mo wà ní ẹnu ọ̀nà", "mo wà lábẹ́ máńgòrò", "mo dé géètì". Ibi tí iṣẹ́ kò bá ti dé mọ́, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ pe aládùúgbò yín kan sí, kó gbé áàpù náà sórí fóònù tirẹ̀ (bó bá jẹ́ Briar, kó wọ inú ẹgbẹ́ tàbí àpérò yín, nítorí ẹni àárín kì í gbé iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀).